Ẹni Tí Monílọ́lá Fún Ní Kóòdù

Bí ẹ bá pàdé Monílọ́lá Akíntúndé ní títì Ìjọ̀kà lónìí, ẹ óò rò pé ìyá kan tó ń lọ ra gààrí ni. Ìyá kan tó ń lọ ra gààrí náà ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ọ̀gá olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Àkúrẹ́ ń wá kiri, tí ẹni tó ni mọ́tò àti ẹni tí kò ní jọ ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Èmi Bímbọ́lá, tí a jọ wọṣẹ́ láíbìrì, tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ni mo ń sọ ọ́. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹni tó bá ń wá ìtàn amóríyá kó má jókòó tì mí.

Ọmọ Oǹdó ni Monílọ́lá, Oǹdó náà ló fẹ́ ọkọ sí. Ọkọ rẹ̀, Adéyẹmí, ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ títí ó fi kú, ó sì fi ilé kékeré kan sílẹ̀ fún òun àti Ẹ̀bùnolúwa ọmọ wọn. Ènìyàn tó le ni Monílọ́lá. Ó le kọjá bó ṣe yẹ nígbà mìíràn, èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà sáàárín ìwé ní láíbìrì wa, òun náà ni yóò gbálẹ̀ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ olórí ẹ̀ka. Tí Monílọ́lá bá ti sọ pé rárá, ẹ máa lọ sílé yín, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Nígbà tí nǹkan dojú rú, tí owó epo gorí àjà, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ kò lè gbé e dé ìparí ọ̀sẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ra ìwé tuntun mọ́. Ìwé tó wà nílẹ̀ ti gbó, eku ń bá wa kà á. Monílọ́lá ló wá àwọn òyìnbó kan kàn tí wọ́n kó iṣẹ́ ìwádìí gbogbo àgbáyé jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ̀wé, wọn kò dáhùn. Ó tún kọ. Ó bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó kọ ọkọ, títí wọ́n fi ní ó dáa, kí ilé ẹ̀kọ́ wa máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé tálákà ni wá. Wọ́n fún wa ní àkáǹtì kan àti páásíwọ́ọ̀dù kan fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ibi Ìwádìí la ń pè é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí, Monílọ́lá jó yí tábìlì ká, ẹni tí kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ mọ̀ wá náà. Ohun tí ènìyàn bá fi tọrẹ tí kò dín kù lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá fi dunni, ahun la ń pè é. Kò pẹ́ tí páásíwọ́ọ̀dù náà fi di omi ẹ̀rọ àdúgbò, kálukú ń pọn ún. Olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀rẹ́ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tanná. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe níbòmíràn, ó dájú, nítorí lọ́jọ́ kan àwọn olè gba páásíwọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ wọlé, wọ́n kó orúkọ ènìyàn, wọ́n kó iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn tó ni ín kò tíì parí. Kò pẹ́, wọ́n tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn òyìnbó náà fa okùn le. Wọ́n ní páásíwọ́ọ̀dù nìkan kò tó mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba orí ẹ̀rọ tí àwọn kò mọ̀ wọlé, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà yóò kọ́kọ́ bọ́ sórí fóònù ẹnì kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ẹni náà ni yóò sì jíhìn bí nǹkan bá bàjẹ́. Kóòdù yìí kì í pẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ihò kan wà nínú rẹ̀: bí ẹni tó wọlé bá tẹ ibi tí wọ́n kọ sí pé kó rántí ẹ̀rọ yìí, ẹ̀rọ náà kò ní béèrè kóòdù mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Monílọ́lá mọ ihò náà. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòfin pé kí gbogbo ènìyàn wá kàwé lórí ẹ̀rọ láíbìrì, níṣojú òun. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, òun ló sì fọwọ́ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Wọ́n ń pè é nígbà tó wà lórí ìlà ẹ̀rọ ìgbowó, wọ́n ń pè é nígbà ìwàásù. Olùkọ́ kan pè é nígbà tí dókítà eyín ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: ẹ wá sí láíbìrì. Àwọn agbálẹ̀ wa, ọmọ Àkúrẹ́ bíi tèmi, sọ ọ́ ní Ìyá Kóòdù. Bó bá ti yọ lókèèrè, wọn á ké pé, "Ìyá Kóòdù, ẹ kú uṣẹ́ o! Ṣé a rí kóòdù ra gààrí lọ ulé?" Òun náà á ní, "Ẹ lọ bá gbogbo ọ̀gá yín, àwọn ló ní gààrí."

Ọ̀gá Dúrótoyè ni olórí láíbìrì wa. Ọjọ́ kan ó lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ìjàrẹ́, ó wá pe Monílọ́lá pé kó fi kóòdù ránṣẹ́ kíá. Mo wà níbẹ̀, fóònù náà ń pariwo sóde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá sí láíbìrì lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣé èmi ni ò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó pa fóònù. Mo sọ fún Monílọ́lá pé ọkùnrin yìí yóò fi í sínú. Ó ní kó máa fi í sínú lọ, kó ṣáà má rí kóòdù gbà. Gbogbo wa ló rò pé kò sí ibi tí olè lè gbà kọjá lára obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ikú ilé rẹ̀ ń jẹ́ Ọláńrewájú, àbúrò Adéyẹmí ọkọ rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé Monílọ́lá wọlé ìyàwó ní Oǹdó, tó ń ru àpò ìwé kiri ilé, ni Monílọ́lá bá fún un lórúkọ, ó ń pè é ní Akọ́wé. Láti ọjọ́ náà, kò fẹnu kan orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ rí. Ọmọ náà dàgbà, ó di olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oǹdó, irun rẹ̀ ń hewú, Monílọ́lá ṣì ń kúnlẹ̀ kí i. Ìyàwó ilé ni, ọkọ rẹ̀ sì ni gbogbo ọmọ tó bá nílé. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Nígbà tí Adéyẹmí kú, tí àwọn mọ̀lẹ́bí kan wá pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ láti wọn ilé tó fi sílẹ̀, Ọláńrewájú ló gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ní ẹni tó bá máa lé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun jáde yóò kọ́kọ́ gbé òkú òun kọjá. Wọ́n ká okùn wọn, wọ́n lọ. Mi ò ní gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé kan a wà ní Ọjà Ọba, èmi àti Monílọ́lá, à ń ná ẹ̀wà tí a mọ̀ pé a kò ní rà, ni fóònù rẹ̀ dún. Mo rí i tó tẹ orúnkún níwájú ẹlẹ́wà, fóònù létí. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Akọ́wé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. "Ìyàwó wa, ẹ ò rántí wa mọ́. Ẹ gbọ́, ìgbéga mi ti súnmọ́, iṣẹ́ kan wà lórí àrùn tó ń mú kòkó dúdú lórí igi, mo gbọ́dọ̀ kà á. Ẹnì kan ti fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù yín. Kóòdù yẹn ló kù."

Ojú Monílọ́lá yí padà. "Akọ́wé, ẹ bá mi wá sí Àkúrẹ́. Màá gbé àga fún yín fúnra mi, ẹ óò kà á tẹ́rùn."

"Pẹ̀lú owó mọ́tò ìsinsìnyí? Nítorí ìwé kan? Àbí èmi náà ti di ẹni tí ẹ̀ ń ní kó wá tò sórí ìlà, Ìyàwó wa?"

Mo mi orí sí i. Mo na ìka, mo mì í. Ó rí mi, ó sì gbé ojú kúrò lára mi. Nígbà tí kóòdù bọ́ sórí fóònù, ó kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ó ń ka Sáàmù fún aláìsàn.

"Akọ́wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ibi ìrántí o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Mo ní, "Moní, o fún un!" Ó ju fóònù sínú báàgì. Ó ní, "Ọkọ mi ni, Bímbọ́lá. Ṣé kí n ní kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá ni?"

Bóyá Ọláńrewájú tilẹ̀ ka iṣẹ́ kòkó yẹn, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó tẹ ibi ìrántí. Ẹ̀rọ rẹ̀ di ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣẹ́ ìwádìí jáde bí ẹni ń kó iyanrìn. Ó ń tà á lórí Wátsáàpù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣejáde, láti Oǹdó títí dé ibi tí orí kò mọ̀. Ebi ń pa á, mo gbà. Ta ni ebi kò pa nínú wa?

Kò pẹ́ tí àwọn òyìnbó fi rí i. Wọ́n ti àkáǹtì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pa. Wọ́n ní ẹnì kan ti gba kóòdù láti orí fóònù tí a fi sílẹ̀, ó sì ti kó ẹrù lọ. Bí a bá lè sọ ẹni tó jẹ́, kí àwọn lè ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa, àwọn á ro ọ̀rọ̀ wa wò. Bí a kò bá lè sọ ọ́, kí a máa lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn wọlé láàárọ̀, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ iṣẹ́ wọn dé ìdajì. Ọmọbìnrin kan tó ń ti Ìpógun wá, tó máa ń fi ẹsẹ̀ rin apá kan ọ̀nà nítorí owó ọkọ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní láíbìrì, ó ń sunkún. Monílọ́lá lọ bẹ̀rẹ̀ tì í. Ọmọ náà gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tà á." Monílọ́lá dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù ìwé, ó sì pẹ́ kó tó jáde.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣe alága bí kò ṣe Ọ̀gá Dúrótoyè. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ìwọ tó ò fún èmi, ọ̀gá rẹ, ta lo wá fún?" Monílọ́lá ní kí wọ́n fún òun láyè títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n fún un.

Bí a ṣe jáde, mo ní, "Dárúkọ rẹ̀." Ó ní òun yóò dárúkọ rẹ̀. Ó ti pe Ọláńrewájú, ó ti sọ fún un pé kó wá dúró níwájú ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀, bí kò bá wá, òun yóò sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ le, ó jẹ́ Monílọ́lá tí mo mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé rẹ̀ ni Màmá wọlé. Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Mary Akíntúndé, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, dá wọ mọ́tò láti Oǹdó wá. Kò jókòó, kò mu omi. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó di àga mú, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Monílọ́lá fò dìde. "Màmá! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ dìde!"

"N kò ní dìde. Ọma méjì ni mo bí yè. Ọ̀kan ti wà nínú ilẹ̀, ọkọ tìẹ ni. Ọ̀kan ló kù fún mi. Bí o bá dárúkọ rẹ̀, ghan á lé e, ghan á tún mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ta ni yóò sin mí?"

"Màmá, èmi ńkọ́? Èmi ni wọ́n máa lé."

"Ìwọ kò jalè, Ọlọ́run mọ̀ ọ́. Jẹ́ kí ìgbéga rẹ̀ yìí bọ́ sí i lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni màá fà á lọ́wọ́ wá síwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Mo fi òkú Adéyẹmí bẹ̀ ọ́."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màmá wò mí, ó ní ọ̀rọ̀ ilé Akíntúndé ni. Monílọ́lá náà ti kúnlẹ̀ nígbà náà, àwọn méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ síwájú ara wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Mo gbé ìborùn mi, mo jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ bi í léèrè. Ó ní òun kò rántí ẹni tí òun fún. Ọ̀gá Dúrótoyè rẹ́rìn-ín. Ó ní kó sinmi, ó lè padà rántí.

Ara mi kò gbà á. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi kò sọ pé màá dákẹ́. Mo wọlé tọ ìgbìmọ̀ lọ, mo ní Ọláńrewájú Akíntúndé ni, olùkọ́ ní Oǹdó, níṣojú mi ló ṣe gba kóòdù ní Ọjà Ọba. Wọ́n pe Monílọ́lá padà. Wọ́n ní, "Ṣé òótọ́ ni ohun tí obìnrin yìí wí?" Ó wo ojú mi gan-an. Ó ní, "Irọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń wá ọ̀nà láti gbà mí sílẹ̀."

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èmi gba ìwé ìkìlọ̀ pé mo ba orúkọ ọmọlúàbí jẹ́. Ọ̀gá Dúrótoyè kò tilẹ̀ wá Ọláńrewájú lọ, ohun tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ibi Ìwádìí kò ṣí fún wa mọ́ títí di òní. Ọmọ Ìpógun yẹn kò jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

N kò bá Monílọ́lá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí mo bá rí i lọ́nà, màá yà. Ó pè mí ní òpùrọ́ lójú ènìyàn, ó sì dùn mí dé egungun. Òun ló wá bá mi nílé. Kò tọrọ àforíjì, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó ní ìgbéga Ọláńrewájú ti jáde, wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní Oǹdó, Màmá sì ti ránṣẹ́ pé kí òun wá ṣíwájú àwọn ìyàwó ilé níbi ìdáná. Ó ní òun kò lè dá lọ.

Mo bú u. Mo bú u dáadáa, mo bú Màmá, mo bú ọkọ rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀. Nígbà tí mo bú u tán, mo bá a lọ. Mọ́tò wa bàjẹ́ ní Ọ̀wẹ̀nà, a jókòó sẹ́bàá títì pẹ̀lú ìkòkò tó gbé dání lórí itan títí a fi rí òmíràn wọ̀. Nígbà tí a wọ Oǹdó, ó ní, "Màmá ṣèlérí, Bímbọ́lá. Lónìí lọjọ́ rẹ̀."

A dáná. Ìrẹsì díẹ̀ ni, ẹran kékeré, àsìkò kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Monílọ́lá nu ọwọ́, ó lọ bá Ọláńrewájú lójúde. Ó kúnlẹ̀ kí i kú oríire. Ó wá rọra ní, "Akọ́wé, ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ìyàwó wa, ṣé ọjọ́ ìdúpẹ́ la máa sọ ìyẹn?"

Ó bọ́ sáàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Fíkà, àlùfáà tó bá wọn ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, ní kí Màmá gbàdúrà, àgbà ló ni ilé. Màmá fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. Ó dúpẹ́ fún ìgbéga, ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, a dúpẹ́ pé o bo àṣírí ilé yìí. O kò jẹ́ kí ojú tì wá lójú ayé. Àwọn tó ní kí orúkọ wa bàjẹ́, o dójú tì wọ́n."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti Ọláńrewájú ló rinlẹ̀ jù. Mo wo Monílọ́lá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, pẹ̀lú ṣíbí ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí pé yóò ju ṣíbí náà sílẹ̀, pé obìnrin tó sọ fún Dúrótoyè pé "ẹ̀yin ni, sà" yóò la ẹnu lónìí. Ó la ẹnu lóòótọ́. Àmín ló ṣe.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Ọláńrewájú dé ibi ìkòkò, ó na àwo rẹ̀ síwájú.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ bá mi fi ẹran kún un."

Ó sì fi kún un.